Chloé àbí Gucci Bloom: èwo ni kí ẹ kọ́kọ́ rà?

Nígbà tí àbúrò mi gba owó oṣù rẹ̀ àkọ́kọ́, ó ní òun ti fín bódì spréè tó láyé òun, òun fẹ́ ra lọ́fíńdà gidi. Òórùn òdòdó ló fẹ́. Kò fẹ́ èyí tó ń rùn bíi ṣokoléètì, kò fẹ́ èyí tó ń rùn bí èso, kò sì fẹ́ oud, òórùn igi líle tí ọ̀gá wọn níbi iṣẹ́ máa ń fín, tó jẹ́ pé tí ọ̀gá bá ti gba ọ̀nà kan kọjá láàárọ̀, ẹni tó dé lọ́sàn-án á mọ̀. Méjì ló wá kù lọ́kàn rẹ̀: Chloé Eau de Parfum, èyí tó jáde lọ́dún 2008, àti Gucci Bloom tó jáde lọ́dún 2017. Owó ọwọ́ rẹ̀ ò ká méjèèjì. Ó wá bá mi nílé ní Àkọ́bọ̀ lálẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ kan, ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì mi, ó ní, "Àǹtí mi, èwo ni kí n rà nínú méjèèjì? Ẹ má sọ fún mi pé méjèèjì dáa o."

Méjèèjì dáa. Èmi tí mo ní wọn ni mo mọ̀. Mo ti fín wọn lọ sọ́fíìsì, mo ti fín wọn wọ mícrà, mo ti fín wọn lọ síbi òkú àgbà àti ibi ìkómọ, nínú oòrùn oṣù kẹta àti nínú ọyẹ́. Mo wá rí i pé ẹni tó bá ń bi ara rẹ̀ pé èwo ló dùn jù kò ní rí ìdáhùn mú. Ohun tó yẹ kó bi ara rẹ̀ ni pé: ta ni yóò jókòó tì mí, aago mélòó ni, ṣé inú yàrá ni àbí ìta gbangba? Tó bá ti mọ ìyẹn, ó ti yan lọ́fíńdà rẹ̀ tán.

Kí ló wà nínú wọn?

Ká ti orí Chloé bẹ̀rẹ̀. Róòsì ni. Èèyàn méjì ló pò ó pọ̀, Michel Almairac àti Amandine Clerc-Marie. Tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fín in, òórùn tútù kan ló máa kọ́kọ́ kan imú yín, ti òdòdó peony àti freesia, pẹ̀lú èso lychee tó mú adùn díẹ̀ wọ̀ ọ́. Kó tó tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ìyẹn á ti lọ, róòsì á wá jókòó, òun àti òdòdó magnolia àti ìtànná lílì (lily of the valley). Tó bá fi máa di ọ̀sán, ohun tó kù lára yín ni igi kédárì, amber àti oyin fẹ́ẹ́rẹ́.

Bí wọ́n ṣe máa ń kọ ọ́ nìyẹn. Nímú tèmi, nǹkan mìíràn ni. Ìyá ìyá mi, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sáfẹ́fẹ́ rere, ní àpótí onípáànù kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì nílé wọn ní Òkè-Àdó. Aṣọ òde ni wọ́n ń kó síbẹ̀, ìró lórí ìró, wọ́n á wá fi ọṣẹ ìwẹ̀ olóòórùn dídùn sáàárín, èyí tí wọn ò tíì já bébà lára rẹ̀. Láàárọ̀ Ọjọ́ Àìkú tí wọ́n bá fa àpótí yẹn jáde tí wọ́n ṣí i, òórùn tó máa kọ́kọ́ jáde, ti aṣọ fífọ̀ àti ọṣẹ àti páúdà díẹ̀, òun gan-an ni Chloé. Ẹlòmíràn á ní kí ló dé tí òun á fi kó owó ńlá sílẹ̀ torí òórùn ọṣẹ. Ó lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè. Èmi á kàn sọ fún un pé òórùn ọṣẹ tó fi wẹ̀ láago mẹ́fà àárọ̀ ti lọ kó tó dé ibi iṣẹ́, Chloé ṣì ń bẹ lára rẹ̀ láago méjìlá ọ̀sán.

Bloom yàtọ̀ pátápátá. Alberto Morillas ló ṣe é, ará Sípéènì tó wà lára àwọn tó ṣe Acqua di Giò tí ọ̀pọ̀ ọkùnrin ìlú yìí ti fín rí, ojúlówó tàbí ayédèrú. Bloom kì í yí padà lára bíi ti Chloé. Bó ṣe wọlé náà ló ṣe máa jókòó. Nǹkan mẹ́ta ni wọ́n ń dárúkọ nínú rẹ̀: ìrudi jásímìnì, tuberose, àti Rangoon creeper.

Ẹ má jẹ́ kí orúkọ tó gbẹ̀yìn yẹn dẹ́rù bà yín. Tí ẹ bá ti rìn kọjá níwájú àwọn ilé àtijọ́ ní Bódìjà tàbí Jẹ́ríkò rí, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti rí i. Òun ni ìtàkùn tí wọ́n máa ń jẹ́ kó gun ọgbà àti géètì, tí òdòdó rẹ̀ máa ń so rọ̀ lọ́wọ̀ọ̀wọ́, tó jẹ́ pé lórí ẹ̀ka kan ṣoṣo ẹ máa rí funfun, ẹ máa rí píǹkì, ẹ máa rí pupa. Nígbà tí mo wà ní kékeré mo rò pé òdòdó mẹ́ta ni wọ́n so pọ̀. Ọ̀kan ni. Ìrọ̀lẹ́ ló máa ń là, tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ là ó funfun, lọ́jọ́ kejì á di píǹkì, lẹ́yìn ìyẹn á pọ́n. Alẹ́ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ là yẹn ni òórùn rẹ̀ máa ń le jù. Àfòpiná ló ń pè. Òdòdó tó bá ń là lóru, kí ló fẹ́ fi àwọ̀ ṣe? Ta ni yóò rí i? Òórùn ló fi ń ránṣẹ́.

Jásímìnì náà, òru ni tiẹ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń ká a ní Íjíbítì àti Íńdíà fi máa ń wà lóko kí ilẹ̀ tó mọ́. Tuberose, tí ìran rẹ̀ ti Mẹ́síkò wá, tiẹ̀ tún lágídí jù wọ́n lọ: wọ́n á gé e tán, á ṣì máa tú òórùn sílẹ̀. Ohun tí ẹ wá ní nínú ìgò Bloom ni òdòdó òru mẹ́ta tí wọ́n tì mọ́nú ilé kan. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Róòsì ní tiẹ̀, ọmọ òwúrọ̀ ni. Ní Kazanlak ní Bọ̀lùgéríà àti Isparta ní Tọ́kì, àfẹ̀mọ́jú ni wọ́n ń ká a, kí oòrùn tó fa òróró ara rẹ̀ lọ. Kí wọ́n tó rí kílò kan òróró róòsì, òdòdó tí wọ́n máa ká á tó nǹkan bíi 3,000 sí 4,000 kílò. Torí náà, tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé róòsì oko nìkan ló kún inú ìgò, ẹ kàn rẹ́rìn-ín. Èyí tí àwọn onímọ̀ kẹ́míkà pò ló pọ̀ jù nínú lọ́fíńdà òde òní. Ìtànná lílì inú Chloé ò tiẹ̀ ní òróró kankan tí wọ́n ń rí fún jáde lára òdòdó rẹ̀. Ìyẹn ò sọ ọ́ di ayédèrú. Ẹ̀rọ ló ń rin ẹ̀gẹ́ báyìí, gaàrí ò yéé jẹ́ gaàrí.

Ohun kan tún wà nínú jásímìnì tó yẹ kí ẹ mọ̀ kí ẹ tó náwó. Indole ni wọ́n ń pè é. Díẹ̀ rẹ̀ ló ń jẹ́ kí òdòdó funfun ní ara, kó má kàn jẹ́ adùn lásán. Àmọ́ imú èèyàn ò dọ́gba lórí rẹ̀, torí òun fúnra rẹ̀, tí kò bá sí nǹkan mìíràn níbẹ̀, ó ń jọ káńfọ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan gbóòórùn Bloom lára mi, ó ní ó ń ṣe òun bíi kí òun jẹ ẹ́. Ọkọ rẹ̀ tó dúró tì í ní ṣé kọ́bọ́ọ̀dù kan ni wọ́n ṣí ni. Tí ẹ bá wà lára àwọn tí imú wọn tètè ń rí káńfọ̀, ẹ fi Bloom sílẹ̀ fún onímú mìíràn, ẹ má sọ pé ẹ máa fi ara dà á. Ara kì í mọ́ ọn.

Nínú mícrà

Lọ́dún tí mo ra Bloom, mo fín in lẹ́ẹ̀mẹrin láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan nínú oṣù kẹta: ẹ̀gbẹ́ ọrùn méjèèjì, ọrùn ọwọ́ méjèèjì. Inú mi dùn sí ara mi. Mo wọ mícrà ní Àkọ́bọ̀, mo ń lọ sí Gate, mẹ́ta lẹ́yìn, méjì níwájú pẹ̀lú dírẹ́bà, èmi sì ni mo wà láàárín lẹ́yìn. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ mú wa ní Ìdí-Apẹ́. Ẹ mọ bí mọ́tò ṣe máa ń rí nínú oṣù kẹta tí òjò ò tíì rọ̀ dáadáa, tí páànù orí yín ti gbóná kó tó di aago mẹ́jọ. Ìyá àgbà tó wà lápá òsì mi kọ́kọ́ fi etí ìborùn wọn bo imú. Ọkùnrin tó wà lápá ọ̀tún yí gíláàsì wálẹ̀ dé ìsàlẹ̀ pátápátá. Dírẹ́bà wò mí nínú jígí, ó gbójú kúrò, ó tún wò mí. Ìgbà tó yá ni ìyá yẹn gbọ́wọ́ lé mi lórúnkún, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ọmọ mi, òórùn rẹ dára o. Àmọ́ òun ló kọ́kọ́ wọ mọ́tò kí o tó wọlé."

Mi ò bínú, òótọ́ ni. Oòrùn àti òórùn, àmì tó wà lórí wọn ló yà wọ́n nínú ìwé. Nílùú Ìbàdàn, ọ̀kan ló ń ru èkejì sókè. Ooru ara ló ń gbé lọ́fíńdà kúrò lára lọ sínú afẹ́fẹ́. Bí ara bá ṣe gbóná sí ló ṣe máa ń yára gbéra, bó sì ṣe máa ń rìn jìnnà nìyẹn. Lọ́fíńdà tí wọ́n ṣe fún ìlú tí wọ́n ti ń wọ kóòtù jáde, ìfínra kan rẹ̀ níbẹ̀ lè jẹ́ mẹ́ta lọ́dọ̀ wa.

Lọ́jọ́ kejì mo fín Chloé, ẹ̀ẹ̀mẹrin bákan náà, mo gba ọ̀nà kan náà. Kò sẹ́ni tó yíjú. Mo dé ọ́fíìsì, ó tó nǹkan bí aago mọ́kànlá kí ọmọbìnrin kan tó tẹ̀ wá síwájú láti wo nǹkan lórí kọ̀ǹpútà mi tó wá ní, "Ẹ̀yin mà, kí lẹ fín yìí?" Chloé, ẹni tó bá súnmọ́ yín ló ń gbọ́ ọ. Bloom, ẹni tó bá ti wà nínú yàrá yẹn ti gbọ́ ọ.

Ẹ má rò pé ẹ̀rọ amúlétutù á gba Bloom sílẹ̀ o. Òótọ́ ni pé ara ò ní gbóná, àmọ́ wọ́n á ti fèrèsé pa, afẹ́fẹ́ kan náà lẹ jọ máa mí títí di aago márùn-ún. Tó bá jẹ́ pé Bloom lẹ kúkú fẹ́ràn tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ fẹ́ máa fín in lọ síbi iṣẹ́, ẹ fín in lẹ́ẹ̀kan péré, lábẹ́ aṣọ, níbi ikùn tàbí lẹ́yìn orúnkún. Á máa yọ wá díẹ̀díẹ̀ tí ẹ bá ń rìn. Bí mo ṣe ń ṣe é nìyẹn báyìí, kò sì tíì sí mícrà tó lé mi.

Lóde alẹ́, ọ̀rọ̀ yí padà

Níbi tí Chloé ti ń ṣe bí ọmọlúàbí lọ́sàn-án, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń fi ojú dí i lálẹ́. Mo fín in lọ síbi ìgbéyàwó kan, abẹ́ kánópì lórí pápá, alásè dáná sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, jẹnẹrétọ̀ ń tú èéfín lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì. Ẹran díndín wà, ata díndín wà, àwọn obìnrin tí wọ́n ti fín òróró oríṣiríṣi jókòó yí tábìlì ká. Chloé bá ọbẹ̀ ata jà, ọbẹ̀ ata ló borí. Mo gbé ọrùn ọwọ́ mi sí imú lẹ́ẹ̀mẹta, mo ń wá a, mo rò pé ó ti tán. Kò tán. Ariwo ibẹ̀ ló pọ̀ jù fún un.

Bloom ni mo fín lọ sí èyí tó tẹ̀lé e, ẹ̀ẹ̀mẹta, lẹ́yìn tí oòrùn ti wọ̀. Mo ti ní kí ẹ fi òdòdó òru yẹn sọ́kàn. Nígbà tí atẹ́gùn alẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́, òórùn náà ń lọ ó ń bọ̀, kò wúwo, kò há sí ẹnikẹ́ni lọ́fun. Ẹnì kan tí mi ò mọ̀ rí dìde láti tábìlì kejì wá béèrè orúkọ rẹ̀. Ọmọ ẹbí ìyàwó ni, ó fi fóònù ya àwòrán orúkọ tí mo kọ sẹ́yìn káàdì. Lọ́fíńdà kan náà tí ìyá kan fi ìborùn bò imú sí nínú mícrà ni o.

Ní ti bó ṣe ń pẹ́ sí: Eau de Parfum ni méjèèjì, òróró òórùn inú irú rẹ̀ sì sábà máa ń wà láàárín 15 sí 20 nínú ọgọ́rùn-ún, ìyókù jẹ́ ọtí. Lára tèmi, Chloé máa ń lo wákàtí márùn-ún sí mẹ́fà, Bloom á lo méje tàbí mẹ́jọ. Lára aṣọ, méjèèjì á di ọjọ́ kejì. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra fún léèsì funfun, torí ó lè fi àbàwọ́n sí i, ẹ má sì fín in sórí iyùn tàbí ìlẹ̀kẹ̀ péálì. Ọtí inú rẹ̀ kì í jẹ́ kí ara wọn máa dán. Ẹ fín in sára kí ẹ tó wọ ẹ̀gbà ọrùn. Nínú ọyẹ́, Chloé máa ń sá lọ, torí ara gbígbẹ kì í di òórùn mú. Ẹ fi fásílíìnì díẹ̀ pa ọrùn ọwọ́ àti ẹ̀yìn etí kí ẹ tó fín in, ẹ máa rí ìyàtọ̀.

Ohun kan tó máa ń tan èèyàn jẹ ni imú ara ẹni. Lẹ́yìn bí ìdajì wákàtí, imú yín á ti mọ́ ọn, ẹ ò ní gbọ́ ọ mọ́, ẹ máa rò pé ó ti lọ, ẹ máa tún fín sí i. Bí àwọn ẹlòmíràn ṣe ń sọ gbogbo báńkì di ilé túràrí nìyẹn. Ẹ bi ẹni tó wà nítòsí kí ẹ tó fín ìkejì.

Ibi kan wà tí mi ò jẹ́ bá Bloom lọ, alẹ́ ni o, ọ̀sán ni o: ọ̀dọ̀ aláboyún, ilé ìwòsàn, àti ọ̀dọ̀ ẹni tó ní ikọ́ fée (asthma). Ìyàwó àbúrò mi ọkùnrin bì nígbà tí oyún rẹ̀ wà lóṣù kẹta torí pé mo dì mọ́ ọn. Chloé pàápàá, tó bá jẹ́ ilé ìwòsàn, ẹ fi sílé. Omi àti ọṣẹ tó.

Ìgò, owó, àti ayédèrú

Ìgò Chloé mọ́ kedere, ara rẹ̀ ní ìlà bíi ti aṣọ tí wọ́n ṣẹ́ ní pílíìtì, wọ́n sì so ríbọ́ọ̀nù mọ́ ọn lọ́rùn. Ẹ máa rí omi inú rẹ̀ bó ṣe ń lọ sílẹ̀. Ti Bloom, píǹkì tó ṣá díẹ̀ ni, ó dán bí àwo tánganran, kò sì jẹ́ kí ojú rí inú. Ẹ ò lè mọ̀ bóyá ìlàjì ló kù tàbí ó ti fẹ́ tán àfi tí ẹ bá gbé e wò. Mo rò pé ìyẹn ò tó nǹkan nígbà tí mo rà á.

Ilé iṣẹ́ kan náà, Coty, ló ń ṣe méjèèjì, èyí tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín tí mo bá rí i tí àwọn èèyàn ń jà lórí èwo ló ti ilé ńlá wá jù. Ilé aránṣọ Chloé fúnra rẹ̀, Gaby Aghion tí wọ́n bí ní Alẹkisáńdíríà ní Íjíbítì ló dá a sílẹ̀ ní Paris lọ́dún 1952. Torí náà, tí ẹ bá fẹ́ fi ọwọ́ Áfíríkà yan, ẹ ti mọ ibi tí ọwọ́ wà.

Mi ò ní dárúkọ iye owó, torí bí dọ́là bá ti yí nọ́ńbà náà ti yí. Ìṣirò tí kì í yí ni mo máa sọ. Ìfínra kan máa ń mú bí ìdámẹ́wàá mílílítà. Ìgò 30 ml, ìyẹn tó nǹkan bí 300 ìfínra. Tí ẹ bá ń fín in lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, oṣù mẹ́ta àti díẹ̀ ni. Chloé lẹ máa tètè lò tán, torí ojoojúmọ́ lẹ máa fẹ́ fín in, ẹ ò sì ní fín in lẹ́ẹ̀kan péré. Bloom, tó bá jẹ́ òde ọjọ́ Àbámẹ́ta nìkan, 30 ml á bá yín wọ ọdún kejì. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ pé tí owó bá wà fún ìgò ńlá kan, Chloé ni kí ẹ ra ńlá rẹ̀. Ẹ fi Bloom sí kékeré.

Ní ti ayédèrú, mo ti jẹ ẹ́ rí, ẹ má jẹ ẹ́. Ọjà kan ni, mi ò ní sọ èwo, ẹni tó tà á fún mi pè mí ní "àǹtí mi àtàtà", ó sì yọ náírà bíi mélòó kan kúrò fún mi. Nọ́ílọ̀n wà lára páálí, gbogbo nǹkan pé. Mo délé, mo fín in, ìṣẹ́jú márùn-ún jásímìnì, lẹ́yìn ìyẹn spírítì tí wọ́n fi ń nu ojú abẹ́rẹ́. Ìgbà tí mo yí ìgò náà ni mo rí i pé nọ́ńbà tó wà nídìí rẹ̀ ò bá ti ìdí páálí mu. Èyí ni kí ẹ kọ́kọ́ wò: nọ́ńbà méjèèjì gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ẹnu ibi tó ń fín. Ojúlówó máa ń fín bí ìrì, ayédèrú máa ń tutọ́. Lára ìgò Chloé, ẹ fọwọ́ ra àwọn ìlà yẹn. Ti ayédèrú sábà máa ń gún ọwọ́ níbi tí gíláàsì ti pàdé. Tí owó rẹ̀ bá sì jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin iye tí àwọn tó kù ń pè, ẹ̀yin náà ẹ mọ ohun tí ẹ ń rà.

Òróró tí wọ́n ń tà ní Ṣábo yàtọ̀ sí ayédèrú o, ká má kó wọn pọ̀. Wọ́n á sọ fún yín lójú yín pé àfarawé Bloom ni, wọ́n á fi bọ́ọ̀lù ìgò kékeré yí i sí yín lọ́wọ́. Kò sí ọtí nínú rẹ̀, torí náà kì í rìn jìnnà, àmọ́ ó máa ń pẹ́ lára ju èyí tí wọ́n ń fín lọ. Kódà, fún ẹni tí Bloom ń wù ṣùgbọ́n tí mícrà ò jẹ́ kó gbádùn rẹ̀, òróró yẹn lè bá a mu ju ojúlówó lọ. Mi ò rí àfarawé Chloé kan tó wù mí. Òórùn mímọ́ ló máa ń ṣòro láti fara wé. Díẹ̀ tó bá ṣì, ó ti di òórùn ìfọṣọ.

Kí ẹ tó rà, ẹ fín ọ̀kan sí ọwọ́ ọ̀tún, ọ̀kan sí ọwọ́ òsì, ẹ má fi ọwọ́ ra ọwọ́, kí ẹ sì jáde kúrò nínú ṣọ́ọ̀bù náà. Bébà tí wọ́n ń nà sí yín níbẹ̀ dára fún ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, kò mọ ooru ara yín. Ẹ lọ ra nǹkan mìíràn, ẹ jẹun, ẹ dúró nínú oòrùn fún bí ìdajì wákàtí. Ẹ jẹ́ kí ìyá kan tó jókòó tì yín gbọ́ ọ. Lẹ́yìn wákàtí kan, ẹ tún gbóòórùn ọwọ́ méjèèjì. Èyí tí ẹ bá ṣì ń gbé sí imú láìmọ̀ lẹ máa rà.

Tí ẹ bá ti rà á, ẹ má gbé e sójú fèrèsé, ẹ má gbé e sínú mọ́tò. Ooru ló ń ba òdòdó jẹ́. Inú páálí rẹ̀, nínú kọ́bọ́ọ̀dù, ó tó.

Àbúrò mi ńkọ́?

Mo bi í ní ìbéèrè tèmi. Ta ni yóò jókòó tì í? Ilé ìfowópamọ́ ló ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí oníbàárà ti ń tẹrí wọ inú gíláàsì láti bá a sọ̀rọ̀. Aago mélòó? Mẹ́jọ àárọ̀ sí márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Báwo ló ṣe ń lọ? Mícrà ni. Mo ní, "Chloé ni tìẹ, má dààmú ara ẹ." Ó lọ́ ojú pọ̀ díẹ̀, torí Bloom ló wà lọ́kàn rẹ̀ látilẹ̀, ìgò yẹn ló ń wù ú. Mo ní kó ra Chloé kó sì dákẹ́.

Tó bá jẹ́ pé alága ìdúró ni, tàbí ẹni tó ń kọrin lóde, tàbí ẹni tó ń tajà aṣọ nínú ṣọ́ọ̀bù ńlá tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀, Bloom ni mi ò bá ní kó rà. Fún ìyàwó tuntun, mi ò ní dáhùn tán. Ọjọ́ ìdána lọ́sàn-án nínú ilé, Chloé, ọjọ́ ijó lálẹ́, Bloom. Fún ìyá ẹni tó ti lé ní ọgọ́ta, Chloé, mi ò tiẹ̀ ní rò ó, àfi tí màmá bá jẹ́ irú èyí tí gèlè rẹ̀ máa ń kọ́kọ́ wọlé. Èmi fúnra mi, tí wọ́n bá ní kí n ju ọ̀kan nù, Chloé ni mo máa jù nù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni mo ń fín ní ọjọ́ márùn-ún nínú méje. Òun ló wúlò jù. Bloom ni mo fẹ́ràn.

Ó ra Chloé, 30 ml. Ó ń fín in lọ síbi iṣẹ́, oníbàárà méjì ti béèrè orúkọ rẹ̀. Àmọ́ ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta tí òde bá wà, ilé mi ní Àkọ́bọ̀ ló ti ń wá wé gèlè, ó ní jígí mi dáa ju tiẹ̀ lọ. Mi ò fura. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo gbé ìgò Bloom mi, ó fúyẹ́ bí ìgò òfìfo, píǹkì rẹ̀ ń dán bíi ti ọjọ́ tí mo rà á.